Ohun Tí Ìyá Ọkọ Mi Fẹ́ Fi Páì Ànàmọ́ Ṣe

Ata ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí oòrùn Houston ṣì ń jó ènìyàn lórí. Wọ́n ní àwọn wá kí wa ni, pé tí ọdún Kérésì bá ti kọjá, àwọn á padà sílé. Ta ló máa ní kí ìyá ọkọ òun má wá? Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹwàá, mo rí i pé ọbẹ̀ ọmọ mi ń pupa sí i. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin, tí a bí síbí, tí ata bíńtín máa ń mú un pariwo, òun ló wá jókòó ti èbà àti ọbẹ̀ ata, imú rẹ̀ ń ṣàn, ìyá ọkọ mi gbé ife omi dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yìn ín pé ọmọ gidi ni. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ata ń gorí ata. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo ń wò wọ́n. Mo ní lọ́kàn mi pé oúnjẹ nìkan kọ́ ni wọ́n ń fún ọmọ yìí. Ibì kan wà tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún.

Ibo nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kí ẹ má baà rò pé orí mi ló dàrú. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, Houston sì gbọgbẹ́. Ilé iṣẹ́ epo tí ọkọ mi ti ń ṣe ẹnjiníà, níhà ìwọ̀-oòrùn ìlú lẹ́bàá freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, dá òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Èmi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Apartment wa ní àdúgbò Third Ward kéré débi pé tí ẹnì kan bá sín ní yàrá, ẹni tó wà ní kíṣìnì á kí i. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá wà nírú ipò wa, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀ nílé, títí nǹkan á fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Obìnrin kan nínú ìjọ wa fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà padà dé, ó kúnlẹ̀ fún ìyá tó bí i, ó ní, "Ẹ káàsán, Ma," bí ẹni ń kí àlejò. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìsìn, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo sọ fún ọkọ mi nínú mọ́tò pé ẹni tó bá máa gbé ọmọ mi kúrò lọ́dọ̀ mi, kí ó kọ́kọ́ gbé òkú mi sin. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí ara fi fu mí nígbà tí mo rí ata.

Èmi àti ọmọ mi náà ní oúnjẹ tiwa tí kò ní ata nínú. Ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló kọ́ mi lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, nígbà tí mo rò pé gbogbo ohun dídùn àwọn ará Amẹ́ríkà, inú ilé ìtajà ni wọ́n ti ń rà á. Tí ooru bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí àwọn ará ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà bí ẹni pé òtútù kan wà, ìgbà yẹn la máa ń bẹ̀rẹ̀, a ò sì ní dáwọ́ dúró títí ọdún tuntun á fi dé. Páì ànàmọ́ kò le rárá. Ẹ se ànàmọ́ tó pupa nínú títí á fi rọ̀, ẹ bó o, ẹ fi bọ́tà gún un nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ da ṣúgà sí i, ẹ da mílíìkì inú agolo sí i, ẹ po ẹyin mọ́ ọn, ẹ wá bu cinnamon lé e, lẹ́búlẹ́bú olóòórùn dídùn tí àwọn ilé ìtajà máa ń tò síwájú tí ọdún bá ti ń kan ilẹ̀kùn. Èèpo rẹ̀ ńkọ́? Rírà ni. Ìyá àgbà yẹn ní ọwọ́ lòun fi ń po tòun, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń kàwé, kí ó lọ mú èyí tó wà nínú fíríìsà nílé ìtajà, kó má pa ara rẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá ti lù mí pa, a kì í tan oven rárá. A ó to bísíkíìtì sínú abọ́, a ó rẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, a ó da kọ́sítáàdì lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó di inú fíríìjì. Ọmọ mi ló ń to bísíkíìtì. Bó bá to mẹ́ta, á jẹ ọ̀kan. Tí èso igi pecan tó wà lẹ́yìn ilé bá ti ń já bọ́ sórí koríko, a ó ṣà á, a ó fọ́ ọ, a ó tò ó sórí páì. "Páì wa" ló ń pè é, ó sì wà lára Yorùbá díẹ̀ tó ń sọ.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ rí i. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá ọmọ níbi tó ti ń lá ìdí abọ́, wọ́n di ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni èmi ń fi ṣúgà gbìn sí ọmọ lára, pé tí ìdí rẹ̀ bá yọ síta, kí n wá gbé e lọ fún àwọn òyìnbó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú egbò igi jáde láti inú báàgì wọn, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n fi í sórí fíríìjì. Ọmọ tọ́ ọ wò, ó tu ú sára ògiri. Mo pa ẹ̀rín mọ́ra, mo nu ògiri. Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àgbo. Ẹ̀sùn ni wọ́n ń kó jọ. Wọ́n fẹ́ délé kí wọ́n lè sọ fún gbogbo ẹbí pé ìyàwó yìí ń fi ohun dídùn ba ọmọ jẹ́, ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn nìyẹn. Mo máa ní mò ń lọ ju ìdọ̀tí nù, mo máa padà lójijì. Mo máa dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo máa fi etí sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ wà lórí itan wọn, wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, wọ́n ń fi wọn ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ṣẹ́ ìgbálẹ̀ náà. Kì í ṣe ibi tí àtàǹpàkò dé ni wọ́n ti ṣẹ́ ẹ o. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ dáadáa níwájú rẹ̀. Mo kí wọn, mo béèrè kí ló dé. Wọ́n ní bàtà ni àwọn fẹ́ rà. Ọmọ ní bàtà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàtà tí ẹsẹ̀ ò ní kún títí di ọdún tó ń bọ̀, bàtà iléèwé nìyẹn, kì í ṣe ti daycare, ilé ìtọ́jú ọmọdé tí wọ́n ti ń fi ìbọ̀sẹ̀ sáré kiri. Mo ní, "Ẹ ṣé, Ma." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọkọ mi mú ọmọ lọ sí mall ìtajà. Mo rò pé wọ́n lọ ra nǹkan ni, àfi bí wọ́n ṣe kó fọ́tò kéékèèké dé, orí àti èjìká nìkan, ojú ọmọ le koko. Mo bi í kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní ìyá òun ló fẹ́ mú un lọ han àwọn ará ilé. Háà, mo ní mo mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Fọ́tò ìfihàn wo ni ọmọ ò ti gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín? Ìyá rẹ̀ ti ń rán an níṣẹ́, òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ọmọ dáadáa.

Mo wá dojú kọ ọ́. Mo ní kí ó sọ òótọ́ fún mi, ṣé ìyá rẹ̀ fẹ́ mú ọmọ mi lọ ni? Ó gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé ìròyìn tó fi ń wá iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìfura mi ti ń di àìsàn. Mo ní ìfura loògùn àgbà. Ó ní ṣé èmi náà ti dàgbà ni? Ó tún padà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Àánú rẹ̀ tiẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà, mo ní ọkùnrin kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń pète.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wọ ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ṣí báàgì wọn. Ẹ má wulẹ̀ bá mi wí, ọmọ mi ni mò ń jà fún. Aṣọ ọmọ ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ká dáadáa, gbogbo wọn ló tóbi ju ọmọ mi lọ. Èso pecan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Mo tún gbogbo rẹ̀ tò bí mo ṣe bá a. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé kí ó má fún mi ní iṣẹ́ alẹ́ mọ́. N kò lè wà níbòmíràn lóru, kí ilẹ̀ mọ́ kí n má bá ọmọ nílé.

Ọjọ́ Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, dé. A ò ní agbára tòlótòló, a din adìyẹ, a se ìrẹsì, èmi àti ọmọ mi sì gbé páì wa kalẹ̀. Ìyá ọkọ mi tí kì í fi ọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀, àwọn ló na abọ́ sí mi. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Wọ́n ní kí n tún fi díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, wàá kọ́ mi ní èyí." Inú ọkọ mi dùn, ó ń wo èmi àti ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ogun ti parí. Obìnrin mìíràn ì bá ti fò sókè. Èmi? Ẹni tó sọ lánàá pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, tó wá ní kí n kọ́ òun lónìí, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Mo ń fi òní dónìí, mo ń fi ọ̀la dọ́la, títí Kérésì fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọmọ wà ní daycare, tí ọkọ mi sì ti lọ wá iṣẹ́, ìyá ọkọ mi ti se ànàmọ́ sílẹ̀ kí n tó jí lójú oorun ọ̀sán. N kò rí ibi sá gbà. Mo gbé ọmọrí odó kékeré, mo bẹ̀rẹ̀.

Àfi ìbéèrè. Ṣé ànàmọ́ funfun ti ọ̀dọ̀ wa nílé lè ṣe é? Mo ní kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀. Mílíìkì agolo ńkọ́? Ìyẹn wà nílé, n kò lè purọ́ rẹ̀. Tí kò bá sí bọ́tà, ṣé májarín máa ṣe é? Ó lè ṣe é díẹ̀. Èèpo ńkọ́, ṣé bí a ṣe ń po ti mítípáì náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni, Ma. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gún mi lọ́kàn, nítorí kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti Houston nínú wọn. Oven wa ń gbóná níwájú wọn, wọn ò tilẹ̀ wò ó. Inú bí mi débi pé mo sọ ọ́ kíákíá, pé ohun kan ni kí wọ́n mọ̀, tí kò bá sí oven, kò sí páì. Mo mọ̀ pé wọn ò ní oven nílé.

Wọ́n gbé abọ́ páì sọ́wọ́. Wọ́n ní, "Iyanrìn ńkọ́? Tí mo bá da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, tí mo gbé e ka sítóòfù, tí mo gbé abọ́ yìí sínú rẹ̀, tí mo dé e? Bí mo ṣe yan kéèkì ọjọ́ ìbí fún ọkọ rẹ nígbà tó wà ní kékeré nìyẹn." Wọ́n mi orí, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Ó máa gbà á. Tó bá ti ń sunkún ìyá rẹ̀, èyí ni màá máa ṣe fún un."

Mo gbé ọmọrí odó sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ta ló máa sunkún?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. "Ọmọ ni. Ṣé o rò pé kò ní sunkún ni?"

"Ta ló ní kí ẹ mú ọmọ mi lọ?"

"Ìwọ àti ọkọ rẹ."

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó. Wọ́n rí ojú mi, àwọn náà jókòó, wọ́n sì rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí wọ́n tó kúrò nílé ni ọkọ mi ti pè wọ́n lórí fóònù. Ó ní èmi ni mo bẹ òun kí ìyá wá mú ọmọ, nítorí iṣẹ́ àti ìwé ti pọ̀ jù fún mi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí débi pé tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ létí mi, ẹkún ni màá máa sun, kí wọ́n ṣàánú mi, kí wọ́n má mẹ́nu bà á títí á fi di ọjọ́ ìrìnàjò. Wọ́n kò mẹ́nu bà á. Wọ́n kàn ń fi ata díẹ̀díẹ̀ kọ́ ọmọ, kí oúnjẹ ilé má baà jó o lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ra bàtà àti aṣọ. Wọ́n ṣa èso igi tó fẹ́ràn. "Nígbàkígbà tí mo bá rí ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí o ń wò wá," wọ́n ní, "àánú rẹ á ṣe mí. Mo ní ìyá ọmọ ń wo ọmọ rẹ̀ kó tó lọ."

Wọ́n tún sọ fún mi pé àwọn ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lágbára láti máa sáré tẹ̀lé ọmọ kékeré mọ́. Ṣùgbọ́n tí ìyá ọmọ bá fúnra rẹ̀ bẹ ènìyàn, báwo lèèyàn ṣe máa kọ̀? Mo wo obìnrin tí mo ti ń ṣọ́ láti oṣù kẹwàá, mo wo ọwọ́ wọn tí ànàmọ́ kún. Gbogbo ohun tí mo rí ló jẹ́ òótọ́. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ náà ni n kò mọ̀.

Páì ti wà nínú oven nígbà tí ọkọ mi wọlé, ó ń fi imú fa òórùn rẹ̀, ó ní ó ti jinná àbí? Mo dìde. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó, ohùn wọn ò sì lọ sókè rárá.

"O ní ìyá ọmọ gbà. Ìyá ọmọ ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé o fẹ́ kí n di ajọ́mọgbé lọ́jọ́ ogbó mi ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí tẹnu rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ò sí, pé kí n lè parí ẹ̀kọ́ mi ni, pé òun fẹ́ sọ fún mi tó bá yá. Ìyá rẹ̀ bi í, tó bá yá nígbà wo? Ó wo ilẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú máa gbéra, màá wà níbi iṣẹ́, òun á wá sọ fún mi tí mo bá dé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rò ó dáadáa. Ìyá rẹ̀ ló bá mi gbé páì náà jáde kí ó tó jóná.

Wọ́n padà sílé lẹ́yìn ọdún tuntun, àwọn nìkan. Ọkọ mi ní kí ọmọ dúró sílé ọ̀dọ̀ òun, kí èmi àti ìyá lọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní mọ́tò ńlá. Mo ní rárá o, òun ló máa fi mọ́tò gbé gbogbo wa lọ. Nígbà tí a dé pápákọ̀ òfurufú, mo gbé ọmọ náà pọ̀n, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún mi. Àwọn òyìnbó ń wò mí. Ìyá ọkọ mi ò sọ pé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n yípo sẹ́yìn mi, wọ́n tú ọ̀já náà, wọ́n tún un so, wọ́n fà á le. Wọ́n ní, "Má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí wàá fi wọ mọ́tò."

Nígbà tí a ń padà, n kò jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Ẹ̀yìn ni mo wà pẹ̀lú ọmọ. Ó ń wa mọ́tò lórí freeway, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yà ni mo ń wò, kí n lè mọ̀ bóyá ilé la ń lọ.